Kí Ló Ń Mú Àwọn Kan Sọdá Òkun Torí Rélùwéè Àtijọ́? Ohun Tó Kan Ará Èjìgbò àti Agbègbè Rẹ̀ Níbẹ̀

Bí ẹnì kan bá dúró ní ọjà Èjìgbò lónìí, tó ní àwọn èèyàn kan ń wọ bàálù, wọ́n ń san owó físà àti owó òtẹ́ẹ̀lì, torí kí wọ́n ṣáà lè lọ wo ọkọ̀ ojú irin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọ̀pọ̀ ló máa rò pé àwàdà ló ń ṣe. Àmọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì, Amẹ́ríkà àti Japan ni wọ́n ti ń gbéra lọ sí Eritrea, India, Poland, Kẹ́ńyà àti Sierra Leone. Kì í ṣe ọjà ni wọ́n ń lọ rà, kì í sì í ṣe ẹbí ni wọ́n ń lọ kí. Rélùwéè ni wọ́n ń wá lọ: ọkọ̀ tó ń fi èédú àti omi rìn, àti àwọn àmì onírin tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan agbègbè Èjìgbò ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Lóòótọ́, ojú irin kò gba àárín ìlú Èjìgbò kọjá, ṣùgbọ́n ó gba Ìwó, ó gba Ẹdẹ, ó sì gba Òṣogbo. Ibẹ̀ làwọn bàbá àti ìyá wa ti ń wọ rélùwéè lọ sí Èkó àti òkè Ọya. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọ Èjìgbò tó ń wọ mọ́tò lọ sí Abidjan, ẹ̀gbẹ́ ojú irin àtijọ́ orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni wọ́n ń gbà kọjá lójú ọ̀nà, tí ọ̀pọ̀ wọn ò sì kíyè sí i. Ohun tí à ń wò bí irin tó dógùn-ún, àwọn kan ń náwó gidi torí ẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká mọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀.

TA NI ÀWỌN ÈÈYÀN YÌÍ?

Láàárín wọn, ẹ máa rí dókítà, olùkọ́, òṣìṣẹ́ báǹkì, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì àtàwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni ìfẹ́ rélùwéè. Àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀rọ tó ń fa ọkọ̀. Àwọn kan fẹ́ràn àmì ojú irin. Àwọn míì, fọ́tò ni tiwọn: wọ́n lè dúró sínú oòrùn fún wákàtí mẹ́ta nítorí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó máa kọjá.

Ohun tó kọ́kọ́ lé ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde nílé wọn ni pé nǹkan tí wọ́n fẹ́ràn tán nílé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1968, iléeṣẹ́ rélùwéè ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ elédùú rin ìrìn àjò ìkẹyìn lórí ojú irin ńlá wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, dísù àti iná mànàmáná gba iṣẹ́. Àwọn tó dàgbà pẹ̀lú ìró àti èéfín ọkọ̀ elédùú wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri ayé. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé China ni wọ́n ń wọ́ lọ, torí pé títí di ìparí ọdún 2005 ni ọkọ̀ elédùú ṣì ń fa ọkọ̀ lórí ojú irin Jitong níbẹ̀.

Àwọn míì ò kàn lọ wòran nìkan. Ní ìlú Wolsztyn lórílẹ̀-èdè Poland, láti ọdún 1997 ni ètò kan ti wà tó ń jẹ́ kí àlejò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì san owó, kó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ elédùú tó ń gbé èrò gidi. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: owó ni wọ́n ń san kí wọ́n lè ṣiṣẹ́. Wọ́n á kó èédú sínú iná, ojú wọn á dúdú, ẹ̀yìn á máa dùn wọ́n, inú wọn á sì máa dùn.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ ẸRỌ ELÉDÙÚ TÓ Ń DÙN MỌ́ WỌN?

Ẹ̀rọ náà ò le láti yé èèyàn. Iná èédú máa ń hó omi nínú àgbá irin ńlá kan. Omi tó hó á di oru. Oru yìí ò rí ibi jáde, torí náà agbára rẹ̀ á máa pọ̀ sí i. Tí dẹ́rẹ́bà bá ṣílẹ̀kùn fún un díẹ̀, á sáré wọ inú páìpù, á ti irin kan síwá, á tún tì í sẹ́yìn. Irin yẹn ló ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Oru tó ti ṣiṣẹ́ tán á gba ojú ṣìmìnì jáde pẹ̀lú èéfín, ìyẹn ló ń fa ìró tí àwọn àgbàlagbà mọ̀ dunjú, tí àwọn ọmọdé ìgbà yẹn máa ń sín jẹ bí wọ́n bá ń ṣeré.

Ohun tó dùn mọ́ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ni pé gbogbo iṣẹ́ náà ló hàn síta. Ọkọ̀ òde òní, inú àpótí ni gbogbo nǹkan wà. Ọkọ̀ elédùú, ẹ máa rí iná, ẹ máa rí omi, ẹ máa rí irin tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ méjì tí iléeṣẹ́ kan náà ṣe lọ́jọ́ kan náà lè ní ìwà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, dẹ́rẹ́bà sì gbọ́dọ̀ mọ ìwà tirẹ̀. Kò sí ìwé tó lè kọ́ èèyàn ní gbogbo ìyẹn tán. Ẹnu àgbà ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, ẹ̀gbẹ́ àgbà ni wọ́n sì ti ń kọ́ ọ. Òwe wa kúkú sọ ọ́: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

ỌPÁ ÀṢẸ LÓRÍ OJÚ IRIN

Apá tó máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni ti àwọn tó ń rìnrìn àjò torí àmì ojú irin lásán. Kí ló wà lára òpó tí wọ́n gbé irin pẹlẹbẹ kan kọ́? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹ̀mí èèyàn ló wà níbẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Ọkọ̀ ojú irin kò lè yà fún ara wọn bíi mọ́tò. Bó bá ń sáré, kò lè dúró lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n bá tẹ bíréèkì. Ó lè gba ọ̀pọ̀ mítà kó tó dúró. Tó bá wá jẹ́ pé ojú irin kan ṣoṣo ló wà láàárín ìlú méjì, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà Èkó sí Kánò, kí ni kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ìhín àti èyí tó ń bọ̀ láti ọ̀hún forí sọ ara wọn?

Àwọn Yorùbá máa tètè lóye ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i. Láyé àtijọ́, bí ọba bá rán ìlàrí níṣẹ́, á fún un ní ọ̀pá. Ẹni tí wọ́n bá rí ọ̀pá yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, àṣẹ ọba ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Bákan náà ni rélùwéè ṣe. Ojú irin kọ̀ọ̀kan láàárín ìdíkọ̀ méjì ní ọ̀pá tirẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ ìdíkọ̀ méjèèjì sí i lára. Dẹ́rẹ́bà tí ọ̀pá náà kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ojú irin yẹn. Nígbà tó sì jẹ́ pé ọ̀pá kan ṣoṣo ló wà, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lè wà níbẹ̀.

Àmọ́ wàhálà kan wà. Bí ọkọ̀ méjì bá fẹ́ lọ sí apá kan náà tẹ̀ léra ńkọ́? Ọ̀pá ti bá ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ọdún 1874, nítòsí Norwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń fi wáyà fi iṣẹ́ ránṣẹ́ síra wọn dípò ọ̀pá, àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ méjì sì forí sọ ara wọn ní Thorpe. Èèyàn 25 ló kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Edward Tyer ṣe ẹ̀rọ kan, tó gba ìwé àṣẹ fún un ní ọdún 1878. Ẹ̀rọ náà jẹ́ méjì, ọ̀kan ní ìdíkọ̀ kọ̀ọ̀kan, wáyà iná sì so wọ́n pọ̀. Àwo irin róbótó púpọ̀ ló wà nínú méjèèjì. Ẹni tó wà ní ìdíkọ̀ kejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí ẹni àkọ́kọ́ tó lè fa àwo kan jáde. Gbàrà tí ọ̀kan bá ti jáde, ẹ̀rọ méjèèjì á tì pa. Kò sí ẹni tó lè rí òmíràn fà yọ àfi tí wọ́n bá dá ti àkọ́kọ́ padà sínú ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ọgbọ́n ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn ló ṣì ń lò ó. Ní oṣù kìíní ọdún 1921, ní ìdíkọ̀ Abermule nílẹ̀ Wales, ọkọ̀ kan wọlé. Òṣìṣẹ́ kan gba àwo lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà rẹ̀. Kàkà kí wọ́n dá àwo náà padà sínú ẹ̀rọ, kí wọ́n sì fa ti ojú irin tó kàn, àwo náà ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn títí wọ́n fi tún gbé e fún dẹ́rẹ́bà tó mú un wá. Kò sí ẹni tó ka orúkọ tó wà lára rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà gbà pé ti iwájú ni, ó sì gbéra. Ọkọ̀ sáré-ń-bọ̀ kan ti wà lórí ojú irin náà láti òdìkejì. Èèyàn 17 ló kú. Títí dòní, wọ́n ṣì ń fi ìtàn Abermule kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè lẹ́kọ̀ọ́: ka ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ kó o tó lọ.

Òpó tí wọ́n gbé apá irin kọ́ náà ní èdè tirẹ̀. Bí apá náà bá nà gbọọrọ, ó ń sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kó dúró. Bó bá dagun, yálà sókè tàbí sísàlẹ̀, ọ̀nà ti ṣí nìyẹn. Lálẹ́, àtùpà pupa tàbí àwọ̀ ewé ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Inú yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ni òṣìṣẹ́ kan ti ń fa ọ̀pá irin gígùn, wáyà tó gba ẹ̀bá ọ̀nà kọjá á sì gbé apá náà. Wọ́n tún so àwọn ọ̀pá inú yàrá náà kọ́ ara wọn débi pé bí òṣìṣẹ́ bá ti ṣí ọ̀nà fún ọkọ̀ kan, ọ̀pá tó lè ṣí ọ̀nà tó máa dá a lọ́nà kò ní ṣeé fà, bó ti wù kó lágbára tó. Irin ló ń ronú fún wọn, kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ń gbé àlejò wá láti ọ̀nà jíjìn nìyẹn: kí wọ́n fojú ara wọn rí ọgbọ́n tí èèyàn lè fọwọ́ kàn.

ERITREA: ÀWỌN ÀGBÀ TÓ TÚN OJÚ IRIN ṢE

Nínú gbogbo ibi tí àwọn arìnrìn àjò yìí ń lọ, ilẹ̀ Áfíríkà ní méjì tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀.

Àkọ́kọ́ ni Eritrea. Àwọn ará Ítálì ló bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Massawa létí òkun ní ọdún 1887, ó sì dé Asmara lórí òkè ní ọdún 1911. Kìlómítà 118 ni, ṣùgbọ́n ó gun òkè tó ga ju mítà 2,000 lọ. Ogun bà á jẹ́. Àwọn ọmọ ogun tiẹ̀ ń tú irin rẹ̀ fi ṣe ibi ìsápamọ́sí. Nígbà tí Eritrea gba òmìnira ní ọdún 1993, wọ́n fẹ́ tún un ṣe, owó ò sì tó láti gba àjèjì. Wọ́n wá ké sí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn bàbá arúgbó, tí àwọn kan ti lé ní àádọ́rin ọdún, padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kó irin jọ láti ibi tí ogun kó o sí, wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́, wọ́n sì tún ẹ̀rọ elédùú tó ti kú jí. Ní ọdún 2003, ojú irin ti tún so Massawa mọ́ Asmara. Lẹ́yìn náà ni àwọn àlejò láti Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í wá, tí wọ́n ń háyà odindi ọkọ̀ elédùú kí wọ́n lè gun òkè náà.

Ẹ kíyè sí i: bí wọ́n bá ti dúró fún ọdún mẹ́wàá sí i, àwọn bàbá yẹn ì bá má sí mọ́. Ìmọ̀ náà ì bá ti bá wọn lọ.

SIERRA LEONE: OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ṢẸ́Ẹ̀DÌ FREETOWN

Ìkejì sún mọ́ wa gan-an. Ní ọdún 1896, ọdún kan náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti Èkó, ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin Sierra Leone. Ojú irin tóóró ni. Ní ọdún 1974, ìjọba pa á tì, wọ́n sì tú irin tó wà lọ́nà. Àmọ́ àwọn ẹ̀rọ àti kẹ́rẹ́ǹgbẹ́ ọkọ̀ kan kù sínú ṣẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Cline Town, ní Freetown. Nígbà ogun abẹ́lé, àwọn tí ogun lé kúrò nílé sá wá gbé inú ṣẹ́ẹ̀dì náà.

Lẹ́yìn ogun, ọ̀gágun ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Steve Davies, tó jẹ́ olólùfẹ́ rélùwéè, bèèrè ohun tó wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì yẹn. Ohun tó rí yà á lẹ́nu. Òun àtàwọn ọmọ ìlú, títí kan àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àtijọ́, fọ ìpẹtà, wọ́n kùn wọ́n lọ́dà, ìjọba sì ṣí Ilé Àkójọ Rélùwéè Sierra Leone ní ọdún 2005. Lára ohun tó wà níbẹ̀ ni ọkọ̀ tí wọ́n ṣe nítorí àbẹ̀wò Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ní ọdún 1961. Àwọn ọmọ iléèwé ń lọ síbẹ̀, àlejò òkè òkun náà sì ń lọ.

Àkíyèsí kan tún wà. Ẹ̀rọ Sierra Leone kan, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 85, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1954, dé ilẹ̀ Wales ní ọdún 1975. Rélùwéè àwọn olólùfẹ́ tó wà láàárín Welshpool àti Llanfair ló rà á. Ìyẹn ni pé nígbà tí a bá sọ pé ohun ìní wa ò wúlò mọ́, ẹlòmíràn tó mọ iyì rẹ̀ lè gbé e lọ sílé tirẹ̀.

OJÚ IRIN TIWA

Ní Nàìjíríà, Èkó ni ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ ní 1896. Wọ́n ṣí ti Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó kọjá lọ sí Ọ̀ffà, Ìlọrin àti Jẹ́bà, ó sì so mọ́ ti Kánò ní 1912. Láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀ffà, Lálúpọn, Ìwó, Ẹdẹ, Òṣogbo, Ìkìrun àti Òkukù wà lára ibi tó ń dúró. Òṣogbo di ọjà ńlá nítorí rẹ̀: àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ra kòkó àti èso ọ̀pẹ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdíkọ̀. Ará Èjìgbò tó bá ní ẹrù láti tà, tàbí tó fẹ́ lọ ṣòwò ní òkè Ọya, Ẹdẹ, Ìwó tàbí Òṣogbo ló ti máa wọ rélùwéè.

Àwọn ọ̀dọ́ òde òní náà ò ṣàì mọ̀ ọ́n. Nígbà ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń gbé ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ láti Èkó wá sí Òṣogbo nígbà Iléyá, Kérésìmesì àti àwọn ọdún míì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìpínlẹ̀ yìí ló jẹ́ pé ìgbà yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ wọ rélùwéè láyé wọn. Orí ojú irin tí wọ́n tẹ́ láyé òyìnbó ni ọkọ̀ náà ń rìn.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ò mọ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, wọ́n ṣe irú ẹ̀rọ elédùú kan fún rélùwéè Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní River. Nígbà tí rélùwéè Ìlà Oòrùn Áfíríkà ń wá ẹ̀rọ tó lágbára, ti Nàìjíríà yìí ni wọ́n wò ṣe tiwọn. Wọ́n sọ wọ́n lórúkọ àwọn ẹ̀yà tó wà níbẹ̀. Lónìí, arìnrìn àjò ń sanwó wọ Ilé Àkójọ Rélùwéè tó wà ní Nairobi láti ọdún 1971 kí wọ́n lè wo irú ọkọ̀ elédùú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn nìyẹn, ilé wa ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Kì í ṣe pé Nàìjíríà ò ṣe nǹkan kan. Ní ọgbà rélùwéè Ẹ̀búté Mẹ́ta ní Èkó, ẹgbẹ́ Legacy tó ń tọ́jú ohun àtijọ́ tún ilé kan tí wọ́n kọ́ ní 1898 ṣe, wọ́n ń pè é ní Jaekel House. Orúkọ Francis Jaekel tó ṣiṣẹ́ ní rélùwéè Nàìjíríà, tó sì kọ ìtàn rẹ̀, ni wọ́n fi sọ ọ́. Àwọn fọ́tò àti ohun èlò rélùwéè wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Àmọ́ Èkó nìyẹn. Ní Ìwó, Ẹdẹ àti Òṣogbo ńkọ́?

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń LỌ SÍ ABIDJAN, Ẹ WÒTÚN WÒSÌ

Kò sí ìlú tó mọ ọ̀nà Abidjan bíi Èjìgbò. Ọkọ̀ ń gbéra láti Èjìgbò lọ tààrà, Farasé ń dún nínú ọjà, sẹ́ẹ̀fà sì ń ná níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà yẹn, ojú irin ayé àtijọ́ ló ń bá pàdé ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan.

Ní orílẹ̀-èdè Benin, ojú irin ti Kútọnu lọ dé Parakou ní 1936. Ní Tógò, àwọn ará Jámánì tẹ́ ti Lomé sí Aného ní 1905, wọ́n sì tẹ́ ti Kpalimé ní 1907 torí kòkó. Ní Gánà, ti Sekondi dé Kumasi ní 1903 torí góòlù. Ní Côte d'Ivoire, ojú irin tó ti Abidjan gbéra dé Bouaké ní 1912, Bobo-Dioulasso ní 1934, àti Ouagadougou ní 1954. Àwọn Yorùbá oníṣòwò, tí wọ́n ń pè ní Anango lọ́hùn-ún, kì í ṣe àlejò ní àwọn ìlú ẹ̀bá ojú irin yẹn bíi Agboville, Dimbokro àti Bouaké. Nítorí náà, ìtàn rélùwéè Côte d'Ivoire jẹ́ apá kan ìtàn ọ̀pọ̀ ẹbí ní Èjìgbò. Ẹni tó bá ní bàbá tàbí ìyá tó wọ rélùwéè yẹn, ó dára kó bi wọ́n léèrè bó ṣe rí.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ EWU?

Ètò ìjọba àpapọ̀ ni pé kí ojú irin tuntun tó fẹ̀ máa lọ títí dé Kánò. Ti Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti oṣù kẹfà ọdún 2021. Ohun ayọ̀ ni. Àmọ́ bí tuntun bá ń bọ̀, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ti àtijọ́? Ibi tí ojú irin bá ti dákẹ́, ìtàn rẹ̀ kì í pẹ́ yàtọ̀: àwọn olè á máa tú irin tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, igbó á bo ìdíkọ̀, ẹni tó lágbára á kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ilẹ̀ rẹ̀.

Èyí tó tún burú ju irin lọ ni ti ìmọ̀. Àwọn tó fa ọ̀pá àmì, tó gbé àṣẹ fún dẹ́rẹ́bà, tó da èédú sínú iná, àgbàlagbà ni gbogbo wọn báyìí. Ìdíkọ̀ tó wó, wọ́n lè tún un kọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú orí ẹni tó ti lọ, kò sí bírikìlà tó lè kọ́ ọ.

Àwọn kan máa sọ pé ebi ń pa ará ìlú, ta ló ń rántí rélùwéè àtijọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ohun tí èrò nílò jù ni ọkọ̀ tó ń rìn lásìkò, tí owó rẹ̀ ò wọ́n. Kò sí ẹni tó ní kí ìjọba fi ìyẹn sílẹ̀ kó máa kun ọkọ̀ àtijọ́ lọ́dà. Àmọ́ méjèèjì ò bá ara wọn jà. Rélùwéè Talyllyn ní Wales, tí àwọn olùyọ̀ǹda gbà sọ́wọ́ ní 1951, ló kọ́kọ́ fi han ayé pé ará ìlú lè tọ́jú ojú irin fúnra wọn. Owó tí àlejò ń san níbẹ̀ ń gba inú ìlú: onílé ìjẹun rí tirẹ̀, onítakisí rí tirẹ̀, ọmọ iṣẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó irin mọ́ irin. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà mọ ọ̀rọ̀ àlejò. Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo, tí àjọ UNESCO fi sára ohun ìní àgbáyé ní 2005, ń gbé wọn wá lọ́dọọdún. UNESCO kan náà ló fi rélùwéè Darjeeling ní India sára àkójọ rẹ̀ ní 1999. Ìdíkọ̀ rélùwéè Òṣogbo àti igbó náà, ìlú kan náà ni wọ́n wà.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE

Àkọ́kọ́, bí bàbá, ìyá tàbí aládùúgbò yín bá ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, yálà ní Ẹdẹ, Ìwó, Òṣogbo tàbí ní Abidjan, ẹ gbé fóònù síwájú wọn, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ irin iṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń lò ó, ọjọ́ tí ewu fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ àti ohun tó kó wọn yọ.

Èkejì, ẹ tọ́jú fọ́tò, tíkẹ́ẹ̀tì, ìwé iṣẹ́ àti aṣọ iṣẹ́ wọn. Ẹ má fi dáná, ẹ má sì jẹ́ kí òjò pa á. Àmọ́ ohun tó bá jẹ́ ti iléeṣẹ́ rélùwéè lójú ọ̀nà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìjọba ló ni ín, títú irin rẹ̀ lè dá ẹni tó tú u dé ẹ̀wọ̀n, ó sì lè pa odindi ọkọ̀ èrò.

Ẹ̀kẹta, ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò ìdíkọ̀ tàbí ọkọ̀, kó kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ìdíkọ̀. Ẹ má dúró sórí ojú irin. Bí ẹ bá gbọ́ ìró ọkọ̀, ó ti sún mọ́ yín ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ̀kẹrin, àwọn ọmọ wa tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé àkójọ rélùwéè ńlá kan wà ní York láti ọdún 1975. Rélùwéè àwọn olólùfẹ́ bíi Severn Valley, tó lọ láti Kidderminster dé Bridgnorth, ṣì ń rin kìlómítà bíi 26 pẹ̀lú ọkọ̀ elédùú, àmì alápá sì ń darí rẹ̀. Wọ́n ń gba olùyọ̀ǹda, wọ́n sì ń kọ́ wọn níṣẹ́. Ẹni tó bá kọ́ ọ lọ́hùn-ún lè gbé ìmọ̀ náà wálé.

Ní ti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ojú irin gbà kọjá, yàrá kan ṣoṣo nínú ìdíkọ̀ àtijọ́ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀: fọ́tò díẹ̀ lára ògiri, àtùpà kan, ohùn àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ tí ọmọ iléèwé lè gbọ́. Ṣẹ́ẹ̀dì tí àwọn tí ogun lé kúrò nílé ń sùn sí ni Freetown fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.